Nígbà Tí A Kò Dárúkọ Sáfà Kankan

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejì oṣù kẹfà

Ó ti bọ́ sí mi lọ́wọ́! Èmi ni!

Ọ̀gá pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀ láàárọ̀, omi òjò ṣì ń kán lára agboòjò mi, ó ní kí n jókòó. Àyà mi já, nítorí obìnrin náà kì í ní kí ènìyàn jókòó bí ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ bá dùn. Ó ní àwọn ilé ìwòsàn ti gbà pé ká kó gbogbo sáfà wọn, àwọn kọ̀ǹpútà ńlá tó ń gbé iṣẹ́ wọn, kúrò lọ́wọ́ Arúgbó, irinṣẹ́ àtijọ́ tí a fi ń darí wọn láti ibí, ká fi wọ́n sọ́wọ́ irinṣẹ́ tuntun, àti pé èmi ni màá to gbogbo sẹ́tíǹgì rẹ̀. Kì í ṣe Kíákíá, tó ti ń ṣiṣẹ́ ní yàrá sáfà kí n tó mọ ohun tí wọ́n ń pè ní sáfà.

Ó wá fi èyí tó korò tì í. Ọjọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn oṣù yìí ni ìṣípòpadà. Bí ẹ̀rọ tó ń gbé èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ jáde ní ilé ìwòsàn kan ṣoṣo bá kú lọ́jọ́ náà nítorí tiwa, wọ́n á kó iṣẹ́ wọn fún ẹlòmíràn. Iṣẹ́ wọn yẹn la fi ń jẹun ní yàrá wa. Bó bá lọ, wọ́n á ti yàrá náà pa ni, kálukú á wá ibòmíràn lọ.

"Ṣé o gbọ́ mi?"

"Mo gbọ́, mà."

"Ṣé ẹ̀rù ń bà ẹ́?"

"Rárá o, mà."

Irọ́ ni mo pa. Àmọ́ mo rẹ́rìn-ín dé bọ́ọ̀sì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹta

A ti sọ irinṣẹ́ tuntun náà lórúkọ. Ìránṣẹ́ ni. Kíákíá ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó ronú, bó ṣe máa ń ṣe gbogbo nǹkan, títí kan oúnjẹ ọ̀sán, tó jẹ́ pé kí n tó ṣí ìdérí abọ́ tèmi, ó ti ń fọ ọwọ́. Mo rò pé inú rẹ̀ kò ní dùn sí mi, ṣùgbọ́n ó gbá mi lẹ́yìn, ó ní, "Àbúrò, kú oríire. Má jẹ̀ẹ́ kó lọ́ra jù o. Èmi ò lè bá ẹ̀rọ ọ̀lẹ ṣiṣẹ́."

Mo ti ń ka sẹ́tíǹgì náà láti àárọ̀, orí mi ń wú. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú wọn ni pé gbogbo wọn ló dá lórí ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ. Bí ẹni tó rán Ìránṣẹ́ níṣẹ́ kò bá sọ iye sáfà tó máa kàn lẹ́ẹ̀kan náà, mélòó ni kó kàn? Bí sáfà kan ò bá dáhùn, kó dúró dè é tó báwo? Bí iṣẹ́ bá bàjẹ́ láàárín, kó máa lọ ni tàbí kó dúró? Àwọn tó ṣe é ti fi ìdáhùn tiwọn síbẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò mọ àwọn ilé ìwòsàn wa, wọn ò sì mọ Kíákíá.

Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a ó fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ènìyàn nìyẹn. Ẹ̀rọ ò mọ bí wọ́n ṣe ń fi tọmọ jẹ́ ẹ, àfi bí mo bá kọ́ ọ. Mo sọ fún ọkọ mi pé iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ jẹ́léósinmi ni wọ́n gbé fún mi. Ó ní kí n ṣáà má na ọmọ ọlọ́mọ.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrin

Búrẹ́dì ti gbówó lórí, ó tún ti kéré sí i. Òjò látàárọ̀ ṣúlẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹfà

Mo pa gbogbo wọn lónìí.

Kì í ṣe ti ilé ìwòsàn o, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Àwọn ògbólógbòó sáfà tó wà ní yàrá ìdánwò ni. Mo fẹ́ pa ọ̀kan, kí n tún un tàn, kí n wò ó bóyá Ìránṣẹ́ á ròyìn rẹ̀ bó ṣe yẹ. Mo ti rán iṣẹ́ kan sí sáfà yẹn ṣáájú, nítorí náà mo kàn kọ "pa á", mo fi ibi tí wọ́n ń kọ orúkọ sáfà sí sílẹ̀ lófìfo, mo tẹ bọ́tìnì. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa ṣe ń ṣe é pẹ̀lú Arúgbó. Bí o ò bá dárúkọ fún Arúgbó, ibi tí o rán an lọ gbẹ̀yìn náà ló máa padà lọ. Ọwọ́ wa ti mọ́ ọn lára, kì í tún bi orí léèrè mọ́.

Ìránṣẹ́ ò rí i bẹ́ẹ̀. Ní ti àwọn tó ṣe é, bí o ò bá dárúkọ ẹnikẹ́ni, gbogbo ayé lo ní lọ́kàn.

Fáànù wọn dákẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan láti òpin yàrá, ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi, títí tí mo fi ń gbọ́ èémí ara mi. Ẹni tí kò bá ṣiṣẹ́ ní yàrá sáfà rí kò lè mọ bí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ṣe burú tó. Kíákíá sáré wọlé.

"Kí ló ṣẹlẹ̀? Ṣé iná ti lọ ni?"

"Iná wà, ẹ̀gbọ́n. Èmi ni. Mo ní kó pa ẹyọ kan."

Ó wo yàrá náà yíká, gbogbo rẹ̀ ṣókùnkùn. Ó ní, "Ẹyọ kan náà tóbi gan-an o."

A rẹ́rìn-ín títí mo fi di ara tábìlì mú. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé inú bọ́ọ̀sì, ẹ̀rín náà tán lẹ́nu mi. Bí mo bá fi sẹ́tíǹgì yẹn sílẹ̀ bó ṣe wà, ẹnì kan nínú wa á ṣe ohun tí mo ṣe lónìí, gbogbo ilé ìwòsàn á sì ṣókùnkùn lẹ́ẹ̀kan náà. Kì í ṣe pé bóyá. Ọwọ́ wa á ṣe é fúnra rẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹsàn-án

Ìpàdé. Mo ròyìn yàrá ìdánwò fún Ọ̀gá, n kò fi nǹkan kan pamọ́. Ó gbọ́ ọ tán, kò rẹ́rìn-ín.

Ọ̀gá ní ká má fọwọ́ kàn án. Àwọn tó ṣe irinṣẹ́ náà mọ̀ ọ́n jù wá lọ, ká kàn kìlọ̀ fún gbogbo ènìyàn. Kíákíá ní kí òfìfo máa jẹ́ ibi tí a lọ gbẹ̀yìn, bíi ti Arúgbó, kí ọwọ́ wa lè máa bá ìṣe rẹ̀ lọ. Èmi ní kó má jẹ́ ibì kankan. Kí Ìránṣẹ́ dúró, kó béèrè ẹni tó máa lọ bá.

Kíákíá bẹ́ sókè. "Kó máa bi mí ní ìbéèrè? Àbúrò, ṣé o rántí ọjọ́ tí àyè tán lórí sáfà ilé ìwòsàn ọmọdé? Aláìsàn wà lórí tábìlì, dókítà ń pariwo lórí fóònù. Kí ẹ tó ṣẹ́jú, mo ti tún un ṣe. Ká ní Arúgbó ń bi mí pé 'ta ni, níbo ni, kí lorúkọ ìyá rẹ̀' lọ́jọ́ náà ńkọ́?"

Òótọ́ ni, ó tún un ṣe, mo wà níbẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, a kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná." Ó ní òun kì í lá ọbẹ̀, òun máa ń gbé e mì ni. Ọ̀gá pàápàá rẹ́rìn-ín nígbà yẹn.

Ó fún mi di ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó ní kí n mú nǹkan tí gbogbo ọwọ́ inú yàrá yìí máa gbà wá, nítorí ohun tó bá ń yọ àwọn òṣìṣẹ́ lẹ́nu, wọ́n á wá ọ̀nà ẹ̀bùrú gbà á kọjá. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo mọ̀ pé Kíákíá á wá ọ̀nà náà kó tó di ọ̀sán.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkànlá

Ìránṣẹ́ túfọ̀ fún mi lónìí. Ó ní sáfà ilé ìwòsàn tó wà lódìkejì odò ti kú. Mo gbé fóònù, mo pe Mátíróònù tó ń ṣe olórí ibẹ̀. Òun náà ni agbẹnusọ fún gbogbo àwọn ilé ìwòsàn níwájú Ọ̀gá wa, obìnrin tí ohùn rẹ̀ lè mú kí ènìyàn nàró bí ò tilẹ̀ sí níwájú rẹ̀.

"Ẹ káàsán, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé sáfà yín ti kú ni?"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Òun náà kọ́ ni mo fi ń tẹ èsì jáde lọ́wọ́ báyìí yìí? Àbí ẹ̀yin ni ẹ fẹ́ pa á?"

Mo tọrọ gáfárà bíi mẹ́wàá. Íńtánẹ́ẹ̀tì wọn ló ń falẹ̀ nígbà òjò, Ìránṣẹ́ ò sì ní sùúrù, ó ń pe alààyè ní òkú. Mo fi kún àsìkò tó fi máa ń dúró dè wọ́n. Mo tún dán an wò, sáfà náà dáhùn jẹ́ẹ́ bí ìyá arúgbó tó ń rọra bọ̀ wá ṣílẹ̀kùn. Mo pàtẹ́wọ́ fún un níbi tí mo jókòó sí. Ohun tó ń múnú mi dùn nínú iṣẹ́ yìí ò ṣeé ṣàlàyé fún ènìyàn.

Iye tí Ìránṣẹ́ máa kàn lẹ́ẹ̀kan náà, mo ti fi í sí márùn-ún. Kíákíá fẹ́ àádọ́ta. Mo ní kó máa lá àlá lọ.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìlá

Mo bá ọkọ mi jà, kò sì ṣẹ̀ mí.

Ó ń fi pépà oníyanrìn ha ìdí àga kan lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ẹ̀yìnkùlé, mo bi í pé, "Bí oníbàárà bá ní kí ẹ kan àga fún òun, tí kò sọ irú igi tó fẹ́, kí lẹ máa ń ṣe?"

"Irú èyí tí mo fi ṣe tẹ́lẹ̀ fún un ni màá lò."

"Ẹ ò ní bi í?"

"Kí ni màá máa bi í sí? Ṣé n ò mọ̀ ọ́n ni? Bó bá fẹ́ òmíràn, á sọ."

"Bó bá gbàgbé láti sọ ńkọ́?"

"Á rántí nígbà tó bá rí i."

"Ẹ ti gé igi náà nígbà yẹn!"

Ó gbé pépà oníyanrìn náà sílẹ̀. Ó wò mí dáadáa. "Ìyá àwọn ọmọ, ṣé èmi ni Kíákíá?"

Mo bínú wọlé. Ohun tó ká mi lára jù ni pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́gbọ́n dání. Ènìyàn ò lè máa béèrè gbogbo nǹkan. Bí Ìránṣẹ́ bá ń da gbogbo wa láàmú lórí ohun tí kò tó nǹkan, a ó máa tẹ "bẹ́ẹ̀ ni" láìkà á, á wá burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìnlá

Mo ti rí i! Mo ti rí i! Mo ti rí i!

Mo ti ọjà dé, ẹrù kún ọwọ́ mi méjèèjì, òjò ti rin mí gbingbin. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ké pé, "Ẹ kú ilé o!" Gbogbo wọn ló dáhùn. Ọkọ mi dáhùn láti ṣọ́ọ̀bù, àkọ́bí mi dáhùn láti yàrá, àbíkẹ́yìn mi dáhùn láti abẹ́ tábìlì, níbi tí mi ò mọ ohun tó ń ṣe. Ó dára, ó sì dùn. Mo wá ní, "Wá gba ẹrù lọ́wọ́ mi o!" Àwọn mẹ́ta náà ló tún dé. Ọ̀kan fà á sọ́tùn-ún, ọ̀kan fà á sósì, ọkọ mi ní kí wọ́n fi sílẹ̀, báàgì já, ẹyin fọ́ sórí bàtà mi.

Mo dúró síbẹ̀, mo bú sẹ́rìn-ín.

Ọkọ mi ní, "Kí ló ń pa ẹ́ lẹ́rìn-ín? Ẹyin tó wọ́n báyìí!"

Mo ní, "Ìkíni ò nílò orúkọ!"

Ó wo àwọn ọmọ. "Ẹ gba báàgì lọ́wọ́ ìyá yín. Òtútù ti mú un."

Ìkíni ò nílò orúkọ, iṣẹ́ ló nílò orúkọ. Bí mo bá kí gbogbo ilé láìdárúkọ, kò sí ohun tó bàjẹ́, kálukú á jẹ́ mi lóhùn. Bí mo bá ránni níṣẹ́ láìdárúkọ, ẹyin á fọ́. Sẹ́tíǹgì kan ṣoṣo la ti ń jà lé lórí láti ọjọ́ yìí wá, bẹ́ẹ̀ méjì ló yẹ kó jẹ́! Bí iṣẹ́ tí a rán Ìránṣẹ́ bá jẹ́ pé kó kàn lọ wò, kó béèrè àlàáfíà sáfà, òfìfo lè jẹ́ gbogbo wọn, kò sí ìyọnu. Bí ó bá jẹ́ iṣẹ́ tó máa yí nǹkan padà, tó máa pa, tó máa tàn, tó máa nu nǹkan kúrò, òfìfo ò gbọdọ̀ jẹ́ ẹnikẹ́ni. Kó dúró, kó béèrè.

Wíwò sì ni a máa ń ṣe jù láàárín ọ̀sẹ̀. Ìbéèrè náà ò ní pọ̀ tó ohun tí ènìyàn á máa fojú fò.

Mo bẹ ọkọ mi fún ti Ọjọ́bọ̀. Ó ní òun ti gbàgbé. Kò gbàgbé, ó kàn jẹ́ ọmọlúàbí ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Mo tò ó sí yàrá ìdánwò. Ó ń ṣiṣẹ́! Bí mo bá ní kó wò, tí n kò dárúkọ, ó lọ bá gbogbo wọn, ó kó ìròyìn wọn wá bí ẹni kó aṣọ gbígbẹ wọlé. Bí mo bá ní kó pa, tí n kò dárúkọ, ó dúró gbagidi, ó kọ ọ́ sójú kọ̀ǹpútà pé: "Ta ni kí n lọ bá?" Èmi ni mo kọ gbólóhùn yẹn fún un. Mo tẹ òfìfo lọ́pọ̀ ìgbà kí n ṣáà lè máa rí i.

Kíákíá dán an wò, ó pòṣé. "Ìránṣẹ́ tó ń bi olówó rẹ̀ léèrè ọ̀rọ̀."

"Ẹ̀gbọ́n, ìṣẹ́jú àáyá mélòó ni ẹ fi máa kọ orúkọ?"

"Ìṣẹ́jú àáyá mi ni."

Ó ní òun á bá Ọ̀gá sọ ọ́ lọ́jọ́ Ẹtì. Mo ní kò burú. Ṣùgbọ́n ó mú àyà mi lù, nítorí Ọ̀gá máa ń gbọ́ tirẹ̀.

Ogúnjọ́ oṣù, ọjọ́ Ẹtì

Ọ̀gá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀. Ó ní ká dákẹ́. Ó rán Ìránṣẹ́ lọ wò, ó rán an lọ pa, ó fi òfìfo sílẹ̀, Ìránṣẹ́ bi í léèrè. Ó mi orí. Kíákíá sọ tirẹ̀, ó sọ ọ́ dáadáa, ó tún mú ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn ọmọdé wá. Ọ̀gá gbọ́ ọ tán.

Ó wá bi mí pé, "Bó bá béèrè lọ́wọ́ mi, tí mo kọ 'gbogbo wọn' ńkọ́?"

N kò ronú kan èyí! Mo ti di ilẹ̀kùn iwájú gbọnyin, mo sì fi fèrèsé sílẹ̀ gbayawu. Ojú tì mí, àmọ́ lábẹ́ ìtìjú náà, ọpọlọ mi ti ń sáré. Mo ní, "Mà, bó bá jẹ́ gbogbo wọn, kó kọ́kọ́ lọ bá ẹyọ kan. Bí ẹyọ náà bá yè, kó lọ bá márùn-ún. Bí ẹyọ kan bá kú níbi kíbi, kó dúró."

"Lọ tò ó," ni Ọ̀gá wí. Ó dìde. Ó wo Kíákíá, ó ní, "Èyí tí àbúrò rẹ ṣe la máa lò. Bó bá dí ẹ lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà, ọ̀dọ̀ mi ni kóo wá, kì í ṣe ọ̀dọ̀ rẹ̀."

Ẹsẹ̀ mi ò kan ilẹ̀ dé ilé.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàlélógún

Kíákíá ń bú Ìránṣẹ́ látàárọ̀. Ó ń lò ó, ó ń bú u. "Ta ni kí n lọ bá, ta ni kí n lọ bá. Lọ bá ìyá ẹ!" Mo kọ etí ikún sí i. Bó bá ṣáà ti ń lò ó, kó máa bú u lọ.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Sẹ́tíǹgì mìíràn tí n kò ṣí wò dójú tì mí. Àwọn tó ṣe Ìránṣẹ́ ní kó máa fi ìmélì ránṣẹ́ nígbàkigbà tí nǹkan bá lọ dáadáa. Mo fi gbogbo ọ̀sán dán nǹkan wò, fóònù Ọ̀gá sì ń dún nínú ìpàdé rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ènìyàn pàtàkì, pé sáfà yìí wà láàyè, tọ̀hún náà wà láàyè. Ó dé, ó na fóònù náà sí mi. Mo ti yí i padà. Bí nǹkan bá dára, kó panu mọ́. Bó bá bàjẹ́, kó pariwo.

Ojú ọ̀nà kún fún omi. Mo bọ́ bàtà, mo fẹsẹ̀ lásán rìn dé ibi tí bọ́ọ̀sì wà.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Oúnjẹ ò lọ. Mátíróònù pe Ọ̀gá, ó ní gbogbo ilé ìwòsàn á máa ṣọ́ wa lọ́jọ́ Àìkú, òun fúnra òun á sì wà lẹ́nu iṣẹ́. Ó ní òun ló máa sọ fún àwọn yòókù bóyá ká máa bá a lọ tàbí ká kó ẹrù wa.

Mo tún ka gbogbo sẹ́tíǹgì náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo ń bẹ̀rù, ṣùgbọ́n kí n má purọ́ fún ìwé ara mi, mo tún ń yọ̀. Ó ń ṣe mí bíi kí ọ̀la ti jẹ́ ọjọ́ Àìkú.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Mo fọ aṣọ tó dọ̀tí nílé àti èyí tí kò dọ̀tí.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Kí n kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀ kí n tó sùn lórí ìjókòó.

Òjò ò rọ̀. Oòrùn là kedere, a ṣí fèrèsé ọ́fíìsì. Ọ̀gá dúró sẹ́yìn mi pẹ̀lú ife tíì tí kò mu. Iṣẹ́ tèmi ni láti máa kó àwọn sáfà náà lọ sọ́wọ́ Ìránṣẹ́, ẹyọ kan ní àkọ́kọ́, kó tó wá di márùn-márùn-ún. Iṣẹ́ Kíákíá ni láti máa wo àlàáfíà wọn, kó pa èyí tó bá há, kó sì tún un tàn.

Ẹyọ kan lọ. Ó yè. Márùn-ún lọ. Wọ́n yè. Mo ń kọrin lábẹ́lẹ̀ láìmọ̀, Ọ̀gá ló ní kí n gbé ohùn sókè díẹ̀ kí òun lè gbọ́.

A dé ìdajì kí nǹkan tó há. Kíákíá rán Ìránṣẹ́ pé kó lọ wo gbogbo àwọn sáfà. Kò dárúkọ, kò sì yẹ kó dárúkọ. Gbogbo wọn dáhùn àfi ọ̀kan, ti òdìkejì odò, ti Mátíróònù. Kíákíá jókòó nàró.

"Ó há," ló wí. Ìka rẹ̀ ti ń sáré. Ó kọ ọ́ pé kí Ìránṣẹ́ pa á, kó tún un tàn, ó sì tẹ bọ́tìnì kí n tó yí ojú padà.

Kíákíá, tó máa ń sọ̀rọ̀ bó tilẹ̀ ń jẹun, dákẹ́. Ó ká ọwọ́ rẹ̀ kúrò lórí kọ̀ǹpútà, ó fi wọ́n sórí itan rẹ̀.

"Àbúrò."

"Ẹ̀gbọ́n."

"Wá wo nǹkan."

Mo wò ó. Ibi orúkọ ṣófo. Lábẹ́ rẹ̀, Ìránṣẹ́ ti kọ ọ́ pé: "Ta ni kí n lọ bá?"

Ó ní, "Mo rò pé mo kọ orúkọ. Mo lè búra pé mo kọ orúkọ."

"Ẹ ò kọ ọ́, ẹ̀gbọ́n."

"Ká ní bí àwọn tó ṣe é ṣe fi í sílẹ̀ ni, gbogbo wọn ni ì bá pa." Ó nu ojú. "Ká ní bí èmi ṣe fẹ́ ẹ náà ni, ibi tí mo rán an lọ gbẹ̀yìn..." Kò parí rẹ̀. Ibi tó rán an lọ gbẹ̀yìn, ọ̀dọ̀ gbogbo wọn ni. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kó lọ wo gbogbo wọn tán ni. Ọ̀nà méjèèjì tí wọ́n bá mi jà lé lórí ni ì bá ti pa gbogbo sáfà tó wà ní gbogbo ilé ìwòsàn, ní ojúmọmọ, níṣojú Ọ̀gá. Èmi gan-an kò rí ìyẹn rò nígbà tí à ń jà.

Ọ̀gá gbé ife tíì sílẹ̀ jẹ́ẹ́. "Kọ orúkọ," ló wí.

Kíákíá kọ ọ́. Ìka kan ṣoṣo ló fi kọ ọ́, lẹ́tà kan tẹ̀lé òmíràn, ó ń kà á sókè bí ọmọ iléèwé. Mi ò rí i kó rọra ṣe nǹkan rí láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n. Sáfà òdìkejì odò kú, ó sì tún jí, kò pẹ́ tó kí ènìyàn ka ẹsẹ orin kan. Àwọn yòókù ò tilẹ̀ mọ̀.

A kó ìyókù lọ. Márùn-ún, márùn-ún, márùn-ún. Nígbà tí èyí tó gbẹ̀yìn dáhùn, ẹnikẹ́ni ò pariwo. Ọ̀gá jókòó sílẹ̀, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀. Kíákíá gbá mi mọ́ra, ó yára ṣe ìyẹn.

A jókòó bẹ́ẹ̀, à ń retí kí ẹnì kan pè wá. Kò sẹ́ni tó pè. Ọ̀sán pọ́n, ó rọ̀. Ilé ìwòsàn kankan ò sọ̀rọ̀. Ọ̀gá ń wo fóònù bí ẹni ń wo ọbẹ̀ tó fẹ́ hó. Ó ní, "Bí wọ́n bá ti pinnu láti lé wa ńkọ́, tí wọn ò fẹ́ sọ ọ́ lójú wa?"

Fóònù dún. Mátíróònù ni. Ọ̀gá gbé e sí etí gbogbo wa.

"Ẹ ǹlẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ìgbà wo gan-an lẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀? Láti àárọ̀ ni mo ti kó ìwé àti bírò síta, ká lè fọwọ́ kọ èsì bí ẹ̀rọ bá kú. Mo ní kí àwọn nọ́ọ̀sì mẹ́rin má lọ sílé. Gbogbo ilé ìwòsàn ló ń pè mí pé àwọn ṣì ń retí yín. Èsì àyẹ̀wò ń jáde, ọwọ́ kálukú wà láyà. Ẹ wá bẹ̀rẹ̀, kí ohun tó máa ṣẹlẹ̀ ṣẹlẹ̀!"

Ọ̀gá wò mí, ó na fóònù náà sí mi.

"Mà," mo ní, "a ti parí."

"Ẹ ti parí kí ni?"

"Gbogbo rẹ̀, mà. Kí oòrùn tó kan àtàrí."

Mo gbọ́ ẹnì kan lẹ́yìn rẹ̀ tó ń béèrè èsì àyẹ̀wò, mo gbọ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó ń tẹ̀ ẹ́ jáde. Mátíróònù mí kanlẹ̀.

"Wọ́n ní kí n ròyìn fún àwọn yòókù lálẹ́ yìí, kí n sọ bóyá ká fi yín sílẹ̀ tàbí ká gbà á lọ́wọ́ yín," ló wí. "Kí ni kí n wá sọ fún wọn báyìí? Mo jókòó síbí látàárọ̀, mo la ojú mi méjèèjì, n ò rí nǹkan kan." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. "Ó dáa. Màá sọ fún wọn pé n ò rí nǹkan kan. Ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ."